Ìlú Mobile ní Alabama: omi ló bí i, omi náà ló ń bọ́ ọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí University of South Alabama, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ kọ́. Mobile ni wọ́n ní ìlú náà ń jẹ́. New York àti Houston ni àwa máa ń gbọ́, a ò gbọ́ Mobile rí. Irú ìlú wo ni? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀? Ṣé ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè rí nǹkan ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́? Ẹnì kan tún sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn Yorùbá ti tẹ abúlé dó síbẹ̀ láti ayé ẹrú. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Á lọ re, á sì bọ̀ re. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, torí ọdún mélòó kan ni mo fi gbé agbègbè yẹn, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú fún ìgbà pípẹ́. Nínú gbogbo ìlú Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ìlú ńlá gan-an, kò sí èyí tó yẹ kí Yorùbá mọ̀ tó Mobile.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pè é bí wọ́n ṣe ń pe fóònù alágbèéká. Mobíìlì ni wọ́n ń pè é, “bíì” yẹn ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Orúkọ ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti ń gbé etí odò náà kí òyìnbó tó dé ni. Àwọn Faransé ló kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Kí ọmọ wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń pè é kó tó débẹ̀, torí ó máa ń dùn mọ́ wọn bí àlejò bá pe orúkọ ìlú wọn re.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Mobile, omi rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo ilé. Odò ńlá méjì, Alabama àti Tombigbee, ń ṣàn bọ̀ láti àárín ìpínlẹ̀. Wọ́n pàdé ní nǹkan bí máìlì 45 sí apá àríwá ìlú, wọ́n sì di odò kan, òun ni odò Mobile. Kò pẹ́ tí odò yìí náà tún fi ya ẹ̀ka, tó di irà àti igbó inú omi, níbi tí ọ̀nì ti ń yáàrùn lórí igi tó wó. Gbogbo rẹ̀ wá tú sínú ọ̀sà kan tó gùn tó máìlì 30, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí Gulf of Mexico. Etí ọ̀sà yìí, ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí odò ti ń bọ́ sínú rẹ̀, ni ìlú jókòó sí. Ẹni tó bá mọ Èkó, tó mọ bí odò Ògùn ṣe ń ṣàn wá sínú ọ̀sà, tí ọ̀sà sì ń bá òkun pàdé, kò ní ṣòro fún un láti fojú inú rí Mobile.

Alabama tóbi, ṣùgbọ́n ibi tó ti kan òkun kéré. Mobile nìkan ni èbúté òkun tó ní. Ohunkóhun tí àárín ìpínlẹ̀ náà bá fẹ́ tà sí òkè òkun, ọ̀dọ̀ wọn ni odò máa gbé e gbà. Ìdí tí ìlú náà fi wà níbẹ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣòro tó sì ń bá a fínra láti ìbẹ̀rẹ̀ náà wà nínú omi kan náà: ọ̀sà yẹn kò jìn. Tí a bá pín in dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà 10 péré ni. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ wà tó jẹ́ pé tí ọkùnrin kan bá gun ọkùnrin kejì léjìká, orí ẹni tó wà lókè á yọ. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà, lẹ́bàá òkun, ni wọ́n máa ń dúró sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó ẹrù lọ bá wọn. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba ti ń gbẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ nínú ọ̀sà náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ, iyanrìn tún dí i, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé láìpẹ́ yìí ni láti mú un jìn dé ẹsẹ̀ bàtà 50.

Káúńtì méjì ló yí ọ̀sà náà ká. Káúńtì Mobile wà ní ìwọ̀ oòrùn, Baldwin sì wà ní ìlà oòrùn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 414,809 ló wà ní ti àkọ́kọ́, 231,767 ní ti èkejì. Ìlú Mobile fúnra rẹ̀ ní 187,041 nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ní 2023 àwọn àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú dìbò pé àwọn fẹ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ju 200,000 lọ. Nítorí náà, kì í ṣe abúlé, kì í sì í ṣe New York. Tí ẹ bá dúró ní àárín rẹ̀ lọ́sàn-án, lábẹ́ àwọn igi oak ńlá tó na ọwọ́ kọjá títì, ẹ ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti ibi tí ẹ dúró sí.

Òjò wọn kì í ṣe kékeré. Ó máa ń ju íǹṣì 60 lọ lọ́dún, ìyẹn ju ti Ìbàdàn lọ, ó sì fi Seattle, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pè ní ìlú òjò, sílẹ̀ pátápátá. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Òṣogbo. Àmọ́ kó mú aṣọ òtútù dání: ní oṣù kìíní ọdún 2025, yìnyín bo ìlú náà mọ́lẹ̀ lọ́nà tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀.

Ohun kan wà tí omi náà ń ṣe tí mo fẹ́ kí ọmọ wa rí kó tó kúrò níbẹ̀. Ní etí ọ̀sà lápá ìlà oòrùn, ní Daphne àti Fairhope, ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà ooru, ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi á pa rọ́rọ́, atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ á máa fẹ́ láti ìlà oòrùn, omi òkun á sì máa kún bọ̀. Omi ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí èémí inú rẹ̀ ti tán, á wá máa ti ẹja síwájú, títí wọn ò fi ní rí ibi sá sí mọ́ àyàfi etí bèbè. Akàn á gun ara wọn lórí igi ìdákọ̀ró. Ẹja pẹlẹbẹ tó máa ń sùn sórí iyanrìn á tò jọ bí àwo tí wọ́n sá sóòrùn. Edé náà á kún ẹsẹ̀ omi. Wọn kì í kú, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á pariwo “Jubilee!”, aládùúgbò á jí aládùúgbò, gbogbo wọn á sì sáré jáde tàwọn ti aṣọ ìsùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá àgbà kan tí n kò mọ̀ rí ló fi apẹ̀rẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má dúró bí àlejò.

Ní ti ìtàn ìlú, àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1702. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni àwọn olórí wọn, Iberville àti Bienville. Òkè odò ni wọ́n kọ́kọ́ wà; nígbà tí omi yalé, wọ́n ṣí wá sí ibi tó wà lónìí ní 1711. Òun ni olú ìlú ilẹ̀ tí Faransé ń pè ní Louisiana kí New Orleans tó wà rárá. Ọdún Mardi Gras, àríyá ńlá tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ New Orleans, àwọn ará Mobile ò gbà fún ẹnikẹ́ni pé àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ní láti 1703 ni. Ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1763, Sípéènì gbà á ní 1780, Amẹ́ríkà sì gbà á ní 1813. Gbogbo ìyẹn, ìlú kékeré ṣì ni.

Òwú ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò, àwọn olóko gba ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tó wà láàárín Alabama, wọ́n kó ẹrú lọ síbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òwú. Ọkọ̀ amóoru tó ń rin odò ló ń kó àpò òwú náà wá sí Mobile. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ti bá ìjọba àpapọ̀ jà, tó bẹ̀rẹ̀, tí a bá yọ New Orleans kúrò, kò sí èbúté lápá ibẹ̀ yẹn tó ń fi òwú ránṣẹ́ sí òkè òkun tó o. Ní 1860, ènìyàn 29,258 ló ń gbé ìlú náà. Ilé ìfowópamọ́, ilé oníṣòwò, ṣọ́ọ̀ṣì olóyè tí àlejò ń yà fọ́tò rẹ̀ lónìí, owó òwú ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọjà ẹrú sì wà ní ojú pópó Royal, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkùnrin àti obìnrin lójú gbogbo ayé.

Ní ọdún kan náà yẹn, 1860, ni ohun tí ẹni yẹn sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tó ní ọkọ̀ àti ilé ìlàgi ní Mobile, Timothy Meaher, ló fọ́nnu pé òun lè kó wọn wọlé kí ìjọba má sì rí òun mú. Ó rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah, èbúté Dàhọ̀mì ní orílẹ̀-èdè Benin ti òní, William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀. Foster ra àwọn tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti kó lẹ́rú. Àwọn bí 110 ló kó wọ ọkọ̀. Ní oṣù keje 1860, lóru, wọ́n fà wọ́n gba ọ̀sà kọjá lọ sókè odò, wọ́n kó wọn pamọ́ sínú irà, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, kóòtù ò rí nǹkan kan mú lé wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà dé Amẹ́ríkà tí a mọ̀, òun ló kẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni Yorùbá. Fọ̀n wà nínú wọn, Núpé wà, àwọn ẹ̀yà àríwá mìíràn náà wà. Ṣùgbọ́n Yorùbá pọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Kossola, tí òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Àwọn onímọ̀ tó tọpa ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pé agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin ti òní, ló ti wá, pé Ìṣà, ẹ̀yà kan nínú Yorùbá, ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ ọdún bíi 19 ni nígbà tí wọ́n kó ìlú wọn. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe pa ọba wọn.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sin ẹrú. Nígbà tí ogun parí ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ lọ. Wọ́n gbìyànjú láti tọ́jú owó ọkọ̀, kò tó. Kossola wá tọ Meaher lọ pé, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo kó wa kúrò nílé, fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Meaher kọ̀. Ni wọ́n bá tẹra mọ́ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlàgi, àwọn obìnrin ń dáko, wọ́n ń kiri ẹ̀fọ́ àti èso ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ra ilẹ̀, títí kan èyí tó jẹ́ ti ìdílé Meaher. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní 1872, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n yan olórí tí gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wọ́n sì yan adájọ́ méjì. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí, Gumpa, ará Dàhọ̀mì ni, ìlú tó kó àwọn yòókù lẹ́rú gan-an. Mo máa ń ronú lórí ìyẹn gan-an. Abúlé yẹn ni Africatown, máìlì díẹ̀ péré sí àárín ìlú Mobile, lápá àríwá.

Kossola fẹ́ obìnrin kan tí wọ́n jọ bá ọkọ̀ dé, Abile. Wọ́n bí ọmọ mẹ́fà. Orúkọ méjì méjì ni wọ́n sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Aleck, ọ̀kan nínú wọn, orúkọ ilé tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ni Iyadjemi. Ẹ kà á sókè, Ìyá wa. Òyìnbó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí Yorùbá wo ni kò ní gbọ́ “ìyà jẹ mí” nínú rẹ̀? Wọ́n kọ Adeniah fún David. Kossola sin márùn-ún nínú ọmọ rẹ̀ àti ìyá wọn; ẹnì kan tó kù jáde nílé, wọn ò rí i mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1935. Matilda McCrear, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kó pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ló kẹ́yìn nínú àwọn tí a mọ̀. Ó kú ní Selma ní 1940.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ogun abẹ́lé: ó ba Mobile jẹ́ gan-an. Ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ já wọ ọ̀sà ní oṣù kẹjọ 1864, ìlú sì tẹríba ní oṣù kẹrin 1865. Ní oṣù karùn-ún, ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí bú gbàù, ó pa ènìyàn tó nǹkan bí 300. Gbèsè wá wọ ìlú náà lọ́rùn débi pé ní 1879 ìpínlẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Igi ló gbé e dìde, àti pákó láti inú igbó pine tó yí i ká. Nígbà tó yá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Central America ń gba èbúté rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ pépà dé, ní ìparí àwọn ọdún 1920.

Ogun àgbáyé kejì ni ó yí i padà jù. Ilé ìkanlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi méjì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ìjọba sì kọ́ Brookley Field, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun òfuurufú ṣe. Àwọn òtòṣì, dúdú àti funfun, ya wọ ìlú láti oko. Ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ 78,720 ní 1940 di 129,009 ní 1950. Àwọn kan ń gba ibùsùn lò ní wákàtí-wákàtí: ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé á sùn síbi tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ní oṣù karùn-ún 1943, wọ́n gbé ìwọ̀nba wẹ́dà dúdú, méjìlá, sí iṣẹ́ òru ní ọgbà Alabama Dry Dock. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ funfun mú irin àti bíríkì, wọ́n ń lu ẹni dúdú tí wọ́n bá rí. Ojútùú tí wọ́n rí sí i ni pé kí àwọn dúdú máa kan ọkọ̀ níbi tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti lè ṣe gbogbo iṣẹ́, àyàfi ọ̀gá.

Ogun parí, ṣùgbọ́n Brookley ṣì wà. Ní 1964, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa tì í, wọ́n sì tì í pátápátá ní 1969. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló pàdánù iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlú fi ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹsẹ̀ kan rìn. Kí ẹ fi ọgbà Brookley yìí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ wa.

Mi ò ní fi bò fún yín pé ọ̀rọ̀ awọ ara ti gbóná ní Mobile. Ní 1981, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan méjì, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra dúdú, pa ọmọ dúdú kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Michael Donald, ẹni ọdún 19. Ìyá rẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní 1987, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 dọ́là fún un, ìyẹn sì fọ́ ẹgbẹ́ náà túútúú. Òpópónà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọ́ sórí igi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Láti 1911 títí di 1985, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò kò jẹ́ kí dúdú kankan wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2005, wọ́n dìbò yan olórí ìlú dúdú àkọ́kọ́, Sam Jones. Ìlú náà ti yí padà gidi, ọmọ yín á bá àwọn ènìyàn tó lawọ́ pàdé. Síbẹ̀, nígbà Mardi Gras, ẹ ó ṣì rí ọba àti olorì méjì méjì: ti ẹgbẹ́ tí àwọn funfun dá sílẹ̀, àti ti ẹgbẹ́ tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní Brookley tí mo sọ yẹn ni Airbus ti ń to ọkọ̀ òfuurufú lónìí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ gùn. Ní 2008, wọ́n fún ilé iṣẹ́ náà àti Northrop Grumman ní iṣẹ́ láti ṣe ọkọ̀ tó ń gbé epo fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú, Mobile ni wọ́n sì fẹ́ máa tò ó sí. Ìlú jó, wọ́n yọ̀. Boeing fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n fagi lé e, ní 2011 Boeing gbà á lọ. Ohun tó jọ mí lójú ni pé àwọn ará ibẹ̀ kò tú ká. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Airbus kéde pé òun ṣì máa wá kọ́ ilé iṣẹ́ fún ọkọ̀ èrò lásán. Ó ṣí ní 2015, ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2016, wọ́n sì fi irú kejì, A220, kún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ara ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹ́ àti ìrù rẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó wọn láti Yúróòpù. Wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Mobile, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá rọra fà wọ́n lọ sí Brookley. Bàálù gan-an, omi ló bá dé.

Bẹ́ẹ̀ ni irin náà. Ní Calvert, sí òkè odò, ThyssenKrupp ti Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ irin ńlá kan tó ṣí ní 2010. Irin pẹlẹbẹ láti etíkun Rio de Janeiro ní Brazil ni wọ́n fẹ́ máa kó wá, kí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gba odò lọ sókè, kí wọ́n wá sọ ọ́ di páànù mọ́tò. Ọjà irin ti ṣubú kó tó ṣí. Wọ́n pàdánù owó rẹpẹtẹ, wọ́n sì tà á: apá kan fún Outokumpu, apá kejì fún ArcelorMittal àti Nippon Steel ní 2014. Ilé iṣẹ́ náà kò kú o, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀.

Austal ń kan ọkọ̀ ogun aluminium sí etí odò, òdìkejì àárín ìlú gan-an. Láti èbúté ẹ ó máa wo iná wẹ́dà tó ń kọ yẹ̀rì lóru. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tò lọ lẹ́bàá odò sí àríwá. Èédú láti inú ilẹ̀ Alabama, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ irin, ń ti erékùṣù McDuffie lọ sí òkè òkun. Èbúté kọ̀ǹténà ṣí ní 2008. Ní Bayou La Batre, àwọn apẹja ń kó edé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Vietnam, Cambodia àti Laos. Baldwin, ní òdìkejì ọ̀sà, owó àwọn tó ń wá gbafẹ́ létí òkun ló ń jẹ, ó sì wà lára àwọn káúńtì Alabama tó ń yára tóbi jù. Ojoojúmọ́ ni mọ́tò ń tò sórí afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá láàárín wọn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ á rí ilé iṣẹ́ tí yóò lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, yunifásítì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, sì sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa mọ nǹkan méjì kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ogun, ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n sábà ń gbà sí i, kó má fi gbogbo ọkàn sí Austal. Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, kó sì tọrọ oṣù 24 sí i; kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi ìkọ́ṣẹ́ láti ọdún kejì, kó má dúró di ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó parí. Kó tún mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wọn kò pọ̀, àti pé láti oṣù kẹfà dé òpin oṣù kọkànlá ni ìjì òkun ń wá. Frederic ti 1979 ni àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ivan dé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 2004, Sally sì dé ní ọjọ́ kan náà gan-an ní 2020. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kúrò, kó kúrò, kó má wo ohun tí àwọn yòókù ń ṣe.

Ohun kan ń dùn mí nínú gbogbo ọrọ̀ yìí. Africatown tóbi nígbà kan, ènìyàn ibẹ̀ tó 12,000. Ilé iṣẹ́ pépà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fún wọn níṣẹ́, wọ́n sì tú èéfín àti omi ìdọ̀tí sí wọn lára láti àwọn ọdún 1920 títí di 2000. Òpópónà ńlá àti afárá la àárín àwọn ilé ìtajà wọn kọjá. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, iṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí kù. Àwọn bí 2,000 ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Òwú ni o, igi ni o, pépà ni o, èrè rẹ̀ máa ń gba odò lọ, ẹrù rẹ̀ sì máa ń kù sí ẹ̀yìn àwọn kan náà. Ní 2017, àwọn ará ibẹ̀ gbé ẹjọ́ ìdọ̀tí náà lọ sí kóòtù. Wọn ò dákẹ́ rárá.

Wọ́n rí Clotilda náà. Ní oṣù karùn-ún 2019, ìgbìmọ̀ ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama kéde pé òkú ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, òun ni. Ọdún 159 ló ti wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ àwọn tí ọkọ̀ náà kó wá ń sọ pé ó wà níbẹ̀, tí àwọn kan sì ń pè é ní àlọ́. Ní oṣù keje 2023, wọ́n ṣí Africatown Heritage House, níbi tí wọ́n kó díẹ̀ nínú pákó rẹ̀ sí, nínú omi, kí ó má bàa jẹrà.

Tí ọmọ wa bá ti rí yàrá, tó ti forúkọ sílẹ̀, kó wá Sátidé kan lọ síbẹ̀. Kó gba ìwé ìwọlé ṣáájú, torí àyè máa ń kún. Kó dúró síwájú Union Missionary Baptist Church, ṣọ́ọ̀ṣì tí Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, kó sì rìn kọjá títì lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń gbé ibẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bi í léèrè ibi tó ti wá, kó sọ pé Òṣogbo, kó sì sọ fún wọn ohun tí Iyadjemi túmọ̀ sí.